Ṣé O Mọ̀? Iná Sólà, Àfòpiná àti Ìràwọ̀ Tó Pòórá Lórí Bàrígà

Ṣé o mọ̀ pé iná funfun tó ń tàn lórí òpó sólà àdúgbò yín kì í ṣe funfun?

Búlúù ni! Búlúù pọ́ńbélé. Ohun aláwọ̀ ìyeyè kan ni wọ́n fi bò ó lójú. Búlúù gba inú ìyeyè kọjá, àwọn méjèèjì dàpọ̀, ojú rẹ ní funfun lòun rí. Ó ń tàn fún ọ, ó tún ń tàn ọ́ jẹ.

LED pupa ti wà láti ọdún 1962. Búlúù ló ṣe orí kunkun. Ó lé ní 25 ọdún lẹ́yìn náà kí ọwọ́ tó tẹ búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Àwọn mẹ́ta tó ṣe é, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 2014. Ẹ̀bùn Nobel o, lórí ohun tí wọ́n ń kó jáde nínú páálí ní ọjà Alábà!

Gbọ́ ná, a ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé gbogbo iná mànàmáná tí ìjọba amúnisìn kọ́kọ́ gbé wọ Èkó ní 1896 kò ju 60 kìlówáàtì lọ? Gbogbo Èkó! Ṣírò ẹ̀ wò: 1,000 iná sólà oní-60 wáàtì ti gbé e mì. 

Ilé-ẹ̀kọ́ kan sì wà ní Bàrígà ní Èkó tó ju iná yẹn lọ lọ́jọ́ orí. CMS Grammar School ni, ilé-ẹ̀kọ́ girama tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà. Ọdún 1859 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Bàbá Herbert Macaulay ni ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Lọ́dún náà, Thomas Edison tí gbogbo ayé ń tìtorí gílóòbù yìn, ọmọ ọdún 12 ni!

Ó yá, gbójú sókè.

Ṣé o mọ iye ìràwọ̀ tí ojú lásán lè rí, láìlo awò? Nǹkan bí 9,000 ní gbogbo ojú ọ̀run. Ilẹ̀ ayé fi ìdajì pa mọ́ fún ọ nígbàkígbà, ó wá ku bí 4,500. Ìyẹn níbi tí òkùnkùn ti ṣú biribiri o. Láàárín ìlú ńlá tí iná kún bámúbámú, o lè ka tìẹ tán kí aládùúgbò rẹ tó fa okùn jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ tó fi jí.

Èyí tó dùn jù rèé, àwọn ará Bàrígà gan-an ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀n 6.5 péré la fi wà lókè ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà, ní alẹ́ oṣù karùn-ún, bí òjò bá dá díẹ̀ tí sánmà sì mọ́, o lè dúró sójú kan ní etí ọ̀sà Ìlàjẹ, kí o kọjú sí gúúsù, kí o rí àwọn ìràwọ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Àgbélébùú Gúúsù. Yí padà sí àríwá. Àwọn ìràwọ̀ méje tí òyìnbó ń pè ní Big Dipper ló ń wò ọ́ yẹn! Lẹ́ẹ̀kan náà! Ará London kì í rí tàkọ́kọ́ láti ilé ẹ̀ títí ayé. Ará Melbourne kì í rí ìkejì kó pé. Ìwọ nìkan, pẹ̀lú búrẹ́dì àti ewà àgànyìn lọ́wọ́, lo rí méjèèjì.

Àmọ́ ṣé o rí wọn?

Ní 2016, àwọn onímọ̀ tí Fabio Falchi ará Ítálì ṣáájú wọn ya àwòrán ayé látòkè délẹ̀, wọ́n fi hàn ibi tí iná ti bo ojú ọ̀run. Ó lé ní ìdá 80 nínú 100 gbogbo ọmọ aráyé tó ń gbé lábẹ́ sánmà tí iná ti bà jẹ́. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta wa tí kò lè rí ọ̀wọ́ ìràwọ̀ funfun gbọọrọ tó la ojú ọ̀run já, èyí tí wọ́n ń pè ní Milky Way. Singapore ló burú jù. Níbẹ̀, òru ò ṣú tó kí ojú èèyàn fi lè rántí bí wọ́n ṣe ń ríran nínú òkùnkùn. Orílẹ̀-èdè tí sánmà tiẹ̀ mọ́ jù? Chad wà níbẹ̀, aládùúgbò wa lápá òkè lọ́hùn-ún!

Fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kàn.

Láàárín 2011 sí 2022, àwọn èèyàn lásán, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, jáde sí àgbàlá ilé wọn lálẹ́, wọ́n wo òkè, wọ́n fi ìràwọ̀ tí wọ́n rí wé àwòrán ojú ọ̀run, wọ́n sì kọ èyí tó jọ ọ́ jù ránṣẹ́. Globe at Night ni wọ́n ń pe ètò náà. Àkọsílẹ̀ 51,351! Christopher Kyba àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kó o jọ, wọ́n ṣe é ní ìṣirò. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ń fi ìdá 9.6 nínú 100 lé sí i lọ́dọọdún. Kò tó ọdún mẹ́jọ tó fi di ìlọ́po méjì.

Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí síbi tí wọ́n ti ń rí ìràwọ̀ 250, nígbà tó bá fi pé ọdún 18, 100 péré ni yóò kù fún un. Ta ló jí 150?

Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ yẹn, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló ti wá. Tiwa ní Áfíríkà ò tó nǹkan. Tí o bá ní fóònù, o lè fi tìẹ ránṣẹ́ lálẹ́ òní, ọ̀fẹ́ ni.

Ṣé o tún mọ̀ pé sátẹ́láìtì tí wọ́n fi ń wo iná ayé láti òkè kò rí búlúù dáadáa? Bí ìlú bá yọ iná olómi ọsàn àtijọ́ tó sì gbé LED funfun sípò ẹ̀, sátẹ́láìtì lè kọ̀wé pé ìlú yẹn ti ṣókùnkùn díẹ̀ sí i. Lákòókò náà, ará ìlú ń fọwọ́ bojú! Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tó ń yí ayé ká lókè lọ́hùn-ún ya fọ́tò ìlú Milan ní 2012, wọ́n tún yà á ní 2015. Ìlú tó pupa bí ọsàn nínú tàkọ́kọ́ ti di funfun báláú nínú ìkejì.

Búlúù yìí ló sì máa ń fọ́n ká jù lójú sánmà. Tí o bá fi búlúù wé àwọ̀ ọsàn, búlúù fọ́n ká ní ìlọ́po mẹ́ta. Òun náà ló sọ ojú ọ̀run ọ̀sán di búlúù. Kí ló kù tí kò ní sọ tòru dà?

Ká fi ìràwọ̀ sílẹ̀ ná, ká sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ àfòpiná.

Àwọn àgbà ní àfòpiná tó lóun fẹ́ pa fìtílà, ara ẹ̀ ni yóò pa. A ti purọ́ mọ́ ọn! Ní oṣù kìíní 2024, àwọn onímọ̀ tó fi kámẹ́rà ayárabíàṣá ya kòkòrò tó ń rá bàbà yí iná ká gbé àbájáde wọn síta. Kòkòrò náà ò lọ bá iná jà rárá. Ẹ̀yìn ló fẹ́ kọ sí i. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ lòru, òkè ló máa ń mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, ó ti mọ́ ọn lára láti kọ ẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀ bó bá ń fò. Ó kọ ẹ̀yìn sí gílóòbù, ó rí i pé òun ń yípo. Ó fò kọjá lórí iná, ó dojú dé. Kò mọ ibi tó ń lọ mọ́.

Àwọn èsúnsún tó ń rọ́ lọ sídìí iná lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ náà ńkọ́? Ìwọ máa wò wọ́n.

Ní Las Vegas, ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù keje 2019, tata tó ya bo iná ìlú náà lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ṣírò ẹ̀ sí mílíọ̀nù 46. Mílíọ̀nù 46! Rédà tí wọ́n fi ń wo òjò ló rí wọn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ka kòkòrò mùkúlú tí yóò di àfòpiná lábẹ́ iná títì. Nínú igbó ọgbà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó fi ìdá 47 nínú 100 dín sí ti ibi tó ṣókùnkùn. Nínú koríko, ó fi 33 dín. Iná LED funfun ló sì ṣèpalára jù.

Ní Switzerland, wọ́n gbé iná sórí pápá níbi tí iná ò dé rí. Àbẹ̀wò tí kòkòrò òru ń ṣe sí òdòdó fi ìdá 62 dín. Èso fi 13 dín. Àwọn oyin tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ò rí i dí.

Yímíyímí ńkọ́? Kòkòrò tó ń yí ìgbẹ́! Ṣé o mọ̀ pé ọ̀wọ́ ìràwọ̀ funfun yẹn ló fi ń mọ̀nà lóru? Wọ́n dán an wò ní South Africa, wọ́n dé e ní fìlà páálí kékeré kó má rí òkè, ló bá ń rìn ní wọ́gọwọ̀gọ. Wọ́n ṣí fìlà, ó rìn gbọnrangandan. Ọdún 2013 ni àbájáde ẹ̀ jáde. Kòkòrò ìdí ìgbẹ́ ń wo ohun tí ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ aráyé ò lè rí mọ́. Mi ò ní ohun tí mo lè fi kún un.

Páńẹ́ẹ̀lì sólà gan-an ní tiẹ̀, kí iná tó tàn rárá. Dúdú dídán tó wà lójú ẹ̀ máa ń yí ìmọ́lẹ̀ padà bí omi ṣe ń yí i. Àwọn kòkòrò tó ń yé sínú omi á rí i, wọ́n á ní odò nìyí, wọ́n á yé ẹyin wọn sórí gíláàsì gbígbóná! Gábor Horváth ará Hungary àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló tú àṣírí ẹ̀ ní 2010. Oògùn ẹ̀ yà wọ́n lẹ́nu: ìlà funfun tín-ín-rín. Wọ́n fa ìlà funfun sójú páńẹ́ẹ̀lì, àwọn kòkòrò tó ń bà lé e sì fi ìlọ́po 10 sí 26 dín. Ìwọ tó ń gbé nítòsí ọ̀sà, èyí kàn ọ́.

Tí a bá ti dé etí omi, jẹ́ kí n sọ ti ẹja. Ní Gánà, òfin ọdún 2010 ka fífi iná tan ẹja lálẹ́ léèwọ̀. Ẹja ń bọ̀ wá sídìí iná tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ní kí wọ́n yéé lò ó!

Ẹ̀fọn náà gbọ́. Ẹ̀fọn Aedes aegypti, tó ń gbé ibà dengue kiri, ọ̀sán ló sábà máa ń jẹni. Wọ́n tan iná fún un lóru nílé ìwádìí ní Amẹ́ríkà. Nínú òkùnkùn, ìdá 29 nínú 100 wọn ló mu ẹ̀jẹ̀. Lábẹ́ iná, 59. Ó di ìlọ́po méjì! Apá olóore tó jókòó kí wọ́n jẹ òun ni wọ́n fi dán an wò. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n.

Ìwọ náà ńkọ́, lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ? Ara rẹ ń ṣe èròjà kan lálẹ́ tó ń jẹ́ melatonin, òun ló ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú. Ìwádìí kan ní 2011 rí i pé bí èèyàn bá jókòó sábẹ́ iná yàrá lásán kó tó sùn, àkókò tí èròjà náà fi ń ṣiṣẹ́ máa ń fi nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú kúrú. Wàyí, ronú ilé alájà kan ní Ṣómólú, tí fèrèsé àjà kìíní dọ́gba pẹ̀lú orí òpó, tí títì ò sì fẹ̀ ju kí kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì fara kanra kọjá.

Òṣùpá arànmọ́jú tí a fi ń pàlọ́, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ lórí ilẹ̀ ò ju nǹkan bí 0.25 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀). Títì àdúgbò tí iná bá dé 5 lux ti ju òṣùpá lọ ní ìlọ́po 20!

Mo rí i pé o fẹ́ jiyàn. O fẹ́ bi mí bóyá kí wọ́n pa iná títì ni, kí ọmọọ̀ta lè rọ́nà gbà. Ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀. Dúró, ibi tó dùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

Iná sólà yàtọ̀ sí iná NEPA. Iná NEPA ń da ìmọ́lẹ̀ sójú ọ̀run, owó ló ń jó. Iná sólà ń da ìmọ́lẹ̀ sójú ọ̀run, bátìrì tiẹ̀ ló ń jẹ! Ìmọ́lẹ̀ tó gòkè lọ bá ìràwọ̀ jà ní aago mẹ́jọ alẹ́, òun gan-an ni ìmọ́lẹ̀ tí o máa wá tì ní aago mẹ́ta òru.

Mú iná 40 wáàtì. Jẹ́ kó tàn dé góńgó fún wákàtí 12: 480 wáàtì-wákàtí ló jẹ. Nísinsìnyí, jẹ́ kó tàn dé góńgó láti aago méje títí di aago méjìlá òru, kó wá rẹlẹ̀ sí ìdá 30 nínú 100 fún wákàtí méje tó kù: 200 àti 84, ó di 284. O ti dá 196 padà sínú bátìrì. Ó lé ní ìdá 40! Bí ẹnì kan bá sì ń kọjá ní aago méjì òru, sẹ́ńsọ̀ tó wà lójú iná á rí i, iná á gbé ojú sókè, ẹni yẹn á kọjá, iná á tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Olè tó bá dé, iná ló máa kọ́kọ́ kí i káàbọ̀.

Òru tiwa náà ṣe é ṣírò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin ẹ̀, òru Èkó tó gùn jù fi èyí tó kúrú jù sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò pé wákàtí kan. Ní London, òru oṣù Kejìlá ń lé ní wákàtí 16. Oníná tibẹ̀ ló yẹ kó sunkún.

Èyí tó tún ju ìyẹn lọ: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán máa ń dúró gangan lórí Bàrígà. Òpó iná ò ní òjìji! Kí ló kan iná? Iná sólà tí gbogbo ara ẹ̀ wà nínú ẹyọ kan, páńẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn, gílóòbù níkùn, ibi tí ẹ̀yìn bá kọ sí ni ikùn ń bá a lọ. Ní London, oòrùn wà ní ẹ̀gbẹ́. Wọ́n gbé páńẹ́ẹ̀lì dàgẹ̀rẹ̀ kó lè rí oòrùn, iná náà wá ń wo ojú fèrèsé. Tiwa lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja. Kó kàn tẹ̀ bí ìwọ̀n 10, kí òjò lè máa fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú ẹ̀, iná á máa wo ilẹ̀ tààrà. Ọlọ́run fún wa ní oòrùn orí, àwọn kan ṣì ń gbé iná kọ́ bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ bàálù.

Ṣé o mọ̀ pé “1000W” tí wọ́n kọ sára páálí lè jẹ́ àwàdà? Ilẹ̀ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, lábẹ́ oòrùn ganrínganrín, agbára tó ń bà lé e jẹ́ nǹkan bí 1,000 wáàtì. Páńẹ́ẹ̀lì tó dára ń mú bí 200 nínú ẹ̀. Wá wọn páńẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn iná yẹn. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40. Wáàtì 24 ni! Ká ní oòrùn ran gidi fún wákàtí márùn-ún, 120 wáàtì-wákàtí wọ bátìrì. Pín in fún wákàtí 12 òru. 10 wáàtì péré. Níbo ni 990 tó kù wọlé sí?

Má bínú sí 10 yẹn o. LED gidi oní-10 wáàtì ń tàn tó gílóòbù àtijọ́ oní-60 wáàtì. Tí gbogbo ẹ̀ bá dojú kọ ilẹ̀, ó tó ọ̀nà tóóró kan ní Ìlàjẹ. Bí ìdajì bá lọ sọ́run, ó di àbùkù.

Rírẹ òpó sílẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ ìyanu. Láti mítà 8 sí mítà 4, iná kan náà, abẹ́ ẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin.

Wo nọ́ńbà tó wà lára páálí tó parí pẹ̀lú K, òun ló ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Àbẹ́là ń bẹ ní bí 1,900K. Gílóòbù àtijọ́, 2,700K. Púpọ̀ nínú iná sólà ọjà, 6,000K sókè, búlúù ló kún inú ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ní 2016 ní kí iná títì má kọjá 3,000K. Ilẹ̀ Faransé sọ ọ́ di òfin ní oṣù Kejìlá 2018: 3,000K ni òkè, ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sókè kò sì gbọ́dọ̀ pé ìdá kan nínú 100. Ìlú Flagstaff ní Arizona ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ láti 1958! South Africa ní òfin tó ń ṣọ́ ojú ọ̀run fún awò ńlá wọn láti 2007. Ní Namibia, NamibRand di ibi ìṣọ́ òkùnkùn àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ní 2012. Àwọn èèyàn ń ṣọ́ òkùnkùn bí ẹni ń ṣọ́ wúrà.

Lápá tiwa, iná ló ń rọ̀. Senegal ṣe àdéhùn iná sólà títì 50,000. Togo náà, 50,000.

Nàìjíríà? Di àga mú. Ẹgbẹ́ BudgIT wo ìsúná ìjọba àpapọ̀ ti 2025, wọ́n ní iṣẹ́ iná títì 1,477 ni àwọn aṣòfin fi kún un. Owó ẹ̀: bílíọ̀nù ₦393.29! Pín in. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lọ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù ₦266. Mo tún un ṣírò lórí fóònù, kò yí padà. Nínú owó yẹn, ta ló béèrè pé K mélòó, ta ló sọ pé kí orí iná dojú kọlẹ̀?

Ó ku ẹyọ kan, kí n tó jẹ́ kí o máa lọ.

Ṣé o mọ̀ pé púpọ̀ nínú iná sólà alápapọ̀ wọ̀nyí ló ní rìmóòtù? Rìmóòtù kékeré báyìí, wọ́n kó o sínú páálí pẹ̀lú iná. Òun ni wọ́n fi ń sọ fún un pé kó rẹlẹ̀ lẹ́yìn aago méjìlá, kó gbójú sókè bí ẹnì kan bá ń kọjá. Wọ́n gbé iná gun òpó, kọngílá gba owó, wọ́n ya fọ́tò, gbogbo wọn lọ sílé.

Rìmóòtù àdúgbò tiyín, ọwọ́ ta ló wà?